Òrí àti Láfún Lára Ògiri Ilé Bàbá Wa

Ìyá wa ní kí á fi ògiri sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọ̀ búlúù tí bàbá wa kùn ún kó tó kú ti ṣá, ó sì ti ń bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì í, á dìde bí ẹni tó lọ fara kan aró. Ìyá ní kò sóhun tó ṣe é, pé ògiri kì í lọ òde. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti pinnu. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá sì ti pinnu nǹkan, ẹni tó bá ta kò ó ti di ọ̀tá Ọlọ́run nìyẹn.

Àwa méjì ni ìyá wa bí, obìnrin ni wá méjèèjì. Ọ̀tà ni wọ́n bí wa sí, nínú ilé náà gan-an, lẹ́yìn ọjà. Bàbá wa ti lọ sí Mẹ́kà, ilé kéú la sì ti kọ́kọ́ mọ ìwé. Nígbà tó yá ni àwọn ìjọ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ra igbó tí a mọ̀ sí oko àwọn ẹbí wa, wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn síbẹ̀, yunifásítì sì tẹ̀ lé e bí ìgbà tí ọmọ tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Àwọn àlejò dé láti ibi gbogbo, wọ́n wọ kóòtù nínú oòrùn, owó ilé gbígbé sì gbéra sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì yunifásítì kan. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló gba Jésù, ó sì gba orúkọ mìíràn mọ́ ọn. Mi ò bá a jà sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wo èmi àti ìyá wa bí ilẹ̀ tí wọn kò tíì ṣán.

Èmi ní tèmi, ọkọ mi gbé obìnrin mìíràn wọlé, mo sì kó ẹrù mi padà sọ́dọ̀ ìyá wa. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Sàngó, níbi tí a ti ń ṣe ike àti ọ̀rá. Èmi ni mo ń gbálẹ̀ ilé yẹn, èmi ni mo ń pe ẹni tó máa tún òrùlé ṣe nígbà tó bá ń jò, èmi ni mo ń mú ìyá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó sì máa ń yà bí ọlọ́pàá tó wá yẹ ibùdó wò.

Ọjọ́ kan ló wọlé, ó ní ọmọ òun ti rí ọkọ. Ọkùnrin náà ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì tí òun ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n ni bàbá rẹ̀, Òṣogbo ni wọ́n ti ń bọ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti kú, àwọn ará ilé rẹ̀ kò sì yọjú sí ọmọ náà mọ́, nítorí náà ilé bàbá wa ni àwọn àna máa wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Inú mi dùn sí ọmọ náà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti ń wo ògiri.

"Wọn ò lè bá pálọ̀ báyìí," ó ní. "A máa kùn ún."

Bí a ṣe dé ilé ọlọ́dà kan nítòsí bíríìjì Sàngó nìyẹn. Mo bá a lọ nítorí pé èmi ni mo máa máa wo ògiri náà ní àràárọ̀. A ti fẹnu kò sí funfun tí kò funfun jù, ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní ọ́ọ̀fù-wáìtì, mo sì rò pé ìjà ti parí. Ọkùnrin tó ń tà á wá gbé agolo méjì síwájú wa, ó ṣí wọn. Ọ̀kan dà bí òrí tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó pọ́n díẹ̀ nísàlẹ̀. Èkejì dà bí láfún, ó funfun, eérú díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka kan ti òrí. "Èyí ni. Òun ni wọ́n fi kun pálọ̀ pásítọ̀ wa."

Ká ní kò fi pásítọ̀ sí i, bóyá ǹ bá gbà. Mo ní, "Òrí máa ń pọ́n sí i. Ẹ jẹ́ kí òjò kan rọ̀ sí i, á dà bí eyín ẹni tí kì í run orín. Láfún ni kí á mú."

"Láfún? Àwọ̀ mọ́ṣúárì nìyẹn. Ṣé òkú ni àwọn àna mi ń bọ̀ wá gbé?"

Ọlọ́dà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ìyá, àwọ̀ kan náà mà ni méjèèjì. Tó bá ti gbẹ lára ògiri, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀."

Àwa méjèèjì kọjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé ta ló bi í léèrè. Èmi bi í pé ṣé ojú ń dùn ún ni. Ọkùnrin náà ní kí á má bínú, ó bu díẹ̀díẹ̀ nínú méjèèjì sínú ike fún wa pé kí á lọ dán an wò nílé. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sí Ọ̀tà, ẹ̀gbọ́n mi gbé ike tirẹ̀ lé ẹsẹ̀, èmi náà gbé tèmi lé ẹsẹ̀, a sì ń wo iwájú.

A kun méjèèjì sára ògiri, wọ́n fẹ̀ tó àwo oúnjẹ, ní àárín fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Láàárọ̀, tí oòrùn bá wọlé, òrí a máa dán, láfún a sì ṣú bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń yà wá lásìkò yẹn kó tó lọ síbi iṣẹ́, á dúró síwájú rẹ̀, á ní, "Ẹ ṣáà rí i." Nírọ̀lẹ́, tí a bá tan iná, òrí a di pípọ́n, láfún a sì mọ́ tónítóní. Ìgbà yẹn lèmi náà máa ń pe ìyá wa pé kó wá wò ó. Ìyá á wò ó, á sì bi mí bóyá mo ti gbé omi kaná.

Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn, títí di ọjọ́ Àìkú kan tí ẹ̀gbọ́n mi ti ìsìn dé. Ìyá jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà. Lókè àga bàbá wa, àwòrán Káábà tó gbé bọ̀ láti Mẹ́kà wà níbẹ̀, nínú gíláàsì, ibi tó ti wà láti ìgbà tí a ti gbọ́njú.

"Tí a bá kùn ún tán," ẹ̀gbọ́n mi ní, "a ò ní tètè dá àwòrán yẹn padà. Kí àwọn èèyàn yẹn ṣáà wá kí wọ́n lọ ná."

Ọwọ́ ìyá dúró nínú ẹ̀wà.

"Àwòrán wo?" mo bi í.

"O mọ èyí tí mò ń sọ."

"Ìgbà wo ni ilé bàbá mi di ẹ̀ka ṣọ́ọ̀ṣì yín?"

"Bàbá wa," ó ní. "Bàbá wa ni, kì í ṣe bàbá ẹ nìkan. Bí kì í bá ṣe pé o di dálémoṣú, kí ni ì bá kàn ẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ògiri ilé yìí?"

Kò sí ẹni tó tíì pè mí bẹ́ẹ̀ sójú rí. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi, mo mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dúró kí n kọjá. Mo ní, "Ó kéré tán, orúkọ tí bàbá sọ mí ni mo ṣì ń jẹ́. Ìwọ ti fi ọ̀dà kun tìẹ."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa pe ẹ̀gbọ́n mi ní ìwọ láyé mi nìyẹn. Ó dìde, ó gbọn síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni tí eruku bà. "Ẹ ṣeun, mà," ó ní, ó sì jáde. Láti ìgbà náà, kò bá mi sọ̀rọ̀ tààrà mọ́. Ìyá ló ń rán sí mi, kódà bí mo bá wà níwájú rẹ̀: ẹ sọ fún ẹni yẹn pé kó sún, ẹ bá mi bi í bóyá omi wà. Èmi náà ń fi ìyá dá a lóhùn. Ìyá kò jẹ́ iṣẹ́ kankan fún wa. Á kàn máa wo ibi tó ń wò.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, mo bá ìyá lórí bẹ́ǹṣì níta. Àwòrán Káábà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ìborùn bò ó.

"Kí lẹ ń ṣe níta nínú ooru yìí?"

"Òórùn ọ̀dà ò jẹ́ kí n mí."

"Ta ló wá?"

"Ta ni ìwọ náà rò pé ó wá?"

Mo wọlé. Wọ́n ti kó àga sáàárín, wọ́n ti fi òrí kun gbogbo ògiri, láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti mú pẹ́ńtà wá nígbà tó mọ̀ pé mo wà níbi iṣẹ́, ó ti dúró tì í, ó sì ti lọ. Ọ̀dà náà dára. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Ká ní ó burú, ǹ bá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di ọjọ́ tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Sàngó, mo ra láfún. Ọlọ́dà rí mi, ó kàn gba owó rẹ̀. Mo gbé agolo náà délé, mo ká aṣọ mi lọ́wọ́, mo sì fi ọwọ́ ara mi kun ògiri tó wà lẹ́yìn àga bàbá wa. Ògiri kan yẹn péré. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ní kí ẹ fi ògiri yìí sílẹ̀," ó ní.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kàn parí ibí yìí."

"Ìwọ náà nìyẹn," ó ní, ó sì padà síta. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, mo gbé àwòrán Káábà kọ́ síbi tó wà tẹ́lẹ̀, mo fi aṣọ nu gíláàsì rẹ̀ títí mo fi ń rí ojú ara mi nínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí àwọn àna ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi gbé kúlà oúnjẹ wọlé láàárọ̀, ó sì dúró gbagidi láàárín pálọ̀. Ó wo ògiri òrí, ó wo ti láfún, ó gbé ojú sókè sí àwòrán.

"Ìyá, ẹ sọ fún ọmọ yín pé Ọlọ́run á bi í."

"Ìyá," èmi náà ní, "ẹ sọ fún un pé Ọlọ́run á bi àwa méjèèjì, kó má sá."

Ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ, jáde láti inú yàrá pẹ̀lú gèlè tí kò tíì wé tán. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Àǹtí, mo bẹ̀ yín, kì í ṣe lónìí." Ẹ̀gbọ́n mi ti gun àpótí kékeré kan, ó ti na ọwọ́ sí àwòrán. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fà á, mo di í mú. Bí a ṣe wà nìyẹn, tí à ń mí bí àwọn ajá méjì, nígbà tí fèrè mọ́tò dún lẹ́nu géètì. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, èmi náà tún tèmi ṣe, àwa méjèèjì sì jáde lọ kúnlẹ̀ kí àwọn àna, ẹ̀rín lẹ́nu wa bí ọmọ ìyá.

Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n rọra jókòó, kò gbéra ga. Ìyá ọkọ ìyàwó wo yíká, ó ní, "Ilé yìí mà tura o. Àwọ̀ yìí tutù lójú. Ta ló yàn án?"

"Èmi ni," ẹ̀gbọ́n mi ní.

"Èmi ni," èmi náà ní.

Ẹnu wa bọ́ sí i pọ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan wà láàárín wọn, àbúrò bàbá ọ̀jọ̀gbọ́n, tí kò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà tí wọ́n ti wọlé. Ó gbé orí sókè. "Èwo nínú méjèèjì lẹ̀ ń sọ?" ó bèèrè, tọkàntọkàn, kò fi ṣẹ̀fẹ̀. Gbogbo wọn bá yí orí wo ògiri. Wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn. Mo rí i tí ó yé ìyá ọkọ ìyàwó, tó sì tètè wolẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wú ikọ́, ó ní ṣé òun lè rí omi mu.

Ìyá wa ló gba ọ̀rọ̀ náà. "Àwọn ọmọ mi ló yàn án," ó ní. "Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́n ju èkejì lọ."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà láti máa bá ọ̀rọ̀ ìyàwó lọ. Àwòrán Káábà wà lórí ògiri títí wọ́n fi jẹun, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì dágbére. Kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀. Kò sí ẹni tó yìn ín náà.

Bí mọ́tò wọn ṣe yí kọ́nà ni ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀. Ó ní mo tú òun síhòòhò níwájú àna. Mo ní ara rẹ̀ ló tú. Ó ní owú ni mò ń jẹ, pé nítorí ìgbéyàwó mi fọ́ ni mi ò fi fẹ́ kí ti ọmọ òun ró. Mo sọ nǹkan kan nípa ọkọ rẹ̀ tó kú, tí mi ò ní tún sọ níbí. Ó gbá ìdérí kúlà mọ́ ilẹ̀. Àwọn ará ilé ẹ̀gbẹ́ wọlé wá là wá, ọmọ tí a ń ṣe ayẹyẹ fún sì ń sunkún lójú àtẹ̀gùn. Nínú gbogbo rẹ̀, ìyá ń kó abọ́ jọ.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, ìyá kò sí nílé. Aládùúgbò wa ní ó gun ọ̀kadà lọ sí gáréèjì pẹ̀lú báàgì kan, ó sì di àwòrán Káábà mọ́ àyà. Mo ti mọ ibi tó lọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń gbé ní Adó-Odò, ó ń dáko níbẹ̀.

Mo lọ bá ìyá níbẹ̀. Ó fún mi lóúnjẹ, ó béèrè iṣẹ́ mi, kò sì gbọ́ nígbà tí mo ní kí á máa lọ sílé. Mo gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi náà lọ, wọ́n fún òun náà lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni àbúrò ìyá ránṣẹ́ sí wa: tí a bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá, kí á wá lọ́jọ́ kan náà, nínú ọkọ̀ kan náà.

Ìjókòó ẹ̀yìn ló kù nínú ọkọ̀ tí a rí. Ọ̀nà kò dára. Gbogbo kòtò tí a bọ́ sí ń ti ẹ̀gbọ́n mi lù mí, bó bá sì ti gbé ara rẹ̀ kúrò, á fi ọwọ́ gbọn apá aṣọ rẹ̀ níbi tó ti kàn mí. Ní Àtan, ó ra ọsàn lójú fèrèsé. Ó jẹ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń tu kóró rẹ̀ sínú ọ̀rá, kò ní kí n gbà. Bó bá tilẹ̀ fi lọ̀ mí, mi ò ní gbà.

Ìyá jókòó lábẹ́ igi lẹ́yìn ilé àbúrò rẹ̀, ó ń pa ẹ̀gúsí. Ó ní kí á jókòó. Ó jẹ́ kí á mu omi tán.

"Mo ti fi iwájú ilé ṣe háyà," ó ní.

Kò tètè yé mi. "Ilé wo?"

"Ilé mi. Pálọ̀, àti yàrá méjì tó tẹ̀ lé e. Tọkọtìyàwó kan ló gbà á, yunifásítì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀."

"Ìyá, èmi ńkọ́? Níbo ni kí n sùn?"

"O ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Yàrá wà ní Itele."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyá, ó yẹ kí ẹ bi wá léèrè kí ẹ tó ṣe irú nǹkan báyìí."

Ìyá ń pa ẹ̀gúsí lọ. "Ṣé ẹ̀yin bi mí kí ẹ tó kùn ún?"

Àbúrò ìyá wọlé lọ, bí ẹni tó rántí nǹkan kan.

"Ọkọ mi kú nínú ilé yẹn," ìyá ní, "mo ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ara mi sì balẹ̀. Ẹ̀yin lẹ lé mi jáde. Ẹ jẹ́ kí n sinmi níbí."

Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ yẹn á sọ wá di ọ̀kan, ó kéré tán títí a ó fi délé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ kò tíì kúrò ní gáréèjì Adó-Odò tí ẹ̀gbọ́n mi fi bá mi sọ̀rọ̀ tààrà fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí àwọn àna wá. "Ìwọ lo fà á," ó ní. Mo ní òun ló fà á, òun àti pásítọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n yọ pásítọ̀ òun kúrò lẹ́nu mi. A ń bá a lọ títí obìnrin kan fi yíjú padà láti iwájú, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá tó wà lẹ́yìn, ẹ ṣàánú wa, orí ń fọ́ wa." Nígbà tí a dé Ọ̀tà, ẹ̀gbọ́n mi sọ̀kalẹ̀ ṣáájú, kò wẹ̀yìn.

Mo kó lọ sí Itele, sínú yàrá kan tí onílé ti kùn kí n tó dé, tí kò sì sí ẹni tó bi mí nípa rẹ̀. Àwọn ayálégbé wa lẹ bébà olódòdó bo gbogbo pálọ̀ bàbá wa. Ìyá kò padà wá gbé Ọ̀tà mọ́. Ó sanra ní Adó-Odò, ó ń ta ẹ̀gúsí, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín sókè, nǹkan tí mi ò gbọ́ rí nígbà tí a jọ ń gbé.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ọmọ náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo jókòó sẹ́yìn. Nígbà tó bímọ, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí pé kí n wá wo ọmọ. Ilé tí yunifásítì fún ọkọ rẹ̀ ni mo bá wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti wẹ ọmọ tán, ó gbé e sí àyà, ó ń fi ojú nà mí bíi pàńkẹ́rẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀. Mo na ọwọ́ láti gbà á.

"Lọ fọ ọwọ́ ẹ ná," ó ní.

"Mo ti fọ̀ ọ́ níta."

"Tún un fọ̀."

Ìyá ọmọ náà wò mí, ó wo ìyá rẹ̀. Mo lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi dé ìgúnpá, mo sì padà wá dúró síwájú ẹ̀gbọ́n mi, omi ń kán sílẹ̀ lára mi. Ó jẹ́ kí n dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́.